Lẹ́yìn ọdún 6 nílé ẹ̀kọ́ fámásì, ibo làwọn ọmọ wa ń fẹ́ lọ?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ fámásì ní fásitì pé kí lọmọ náà máa dà, ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ jù ni pé, "Á ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn." Ẹ wá bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀kan á ní ilé ìwòsàn ńlá lòun ń fojú sí. Ọ̀kan á ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ni. Òmíì ò tiẹ̀ ní jẹ́ kẹ́ ẹ béèrè tán tó fi máa dá yín lóhùn pé Canada ni. Èyí tó máa sọ pé òun fẹ́ lọ ṣí fámásì ní Ṣakí, ní Ìkìrun tàbí ní Ìkàrẹ́, ó máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa o, kì í ṣe òbí nìkan. Ibi táwọn ọmọ wọ̀nyí bá gbà lọ ló máa sọ ẹni tó máa dúró lẹ́yìn káńtà lọ́jọ́ tí ìyá yín bá fẹ́ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé ẹni tó mọ̀ pé oògùn tuntun yìí ò bá èyí tí màmá ń lò tẹ́lẹ̀ mu ni, àbí ẹni tó kàn mọ iye tí wọ́n ń tà á? Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: àwọn ọ̀nà wo ló wà, kí ló wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ibo ló sì ti dí.

Ọjọ́ tó gboyè kọ́ ló di apòògùn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Tẹ́lẹ̀, ọdún 5 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn òyìnbó ní fásitì, oyè B.Pharm sì ni wọ́n ń gbà. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ fásitì ti bọ́ sí Pharm.D, ọdún 6 nìyẹn. Ẹ wá fi ìyanṣẹ́lódì kún un. Ẹni tó wà ní fásitì ìjọba l'ọ́dún 2022 ò lè gbàgbé pé láti oṣù February ni ASUU ti daṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ oṣù October.

Lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, wọ́n á ṣe ètò ìbúra fún wọn. Síbẹ̀, ọmọ náà ò tíì lè dá dúró. Internship ló kàn: odidi ọdún kan tó máa fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ apòògùn àgbà, yálà nílé ìwòsàn, ní iléeṣẹ́ tàbí ní fámásì tí àjọ PCN fọwọ́ sí. PCN yìí ni àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ apòògùn ní Nàìjíríà, òfin tuntun tí wọ́n sì ń lò báyìí jáde l'ọ́dún 2022. Bó bá parí ọdún yẹn, ó máa ṣe ìdánwò PCN kó tó gba ìwé àṣẹ tó kún. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá máa ń lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ọdún 6, ọdún 1, ọdún 1 mìíì, ká má tíì ka àsìkò tí wọ́n fi ń wá àyè.

Wíwá àyè yẹn gan-an ni wàhálà. Àyè internship nílé ìwòsàn ìjọba, níbi tí owó oṣù ti dára díẹ̀, kò tó iye ọmọ tó ń jáde. Àwọn kan máa ń jókòó sílé fún oṣù mélòó kan, wọ́n á máa fi ìwé ránṣẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fámásì aládàáni máa ń gbà wọ́n, àmọ́ owó tí wọ́n ń san níbẹ̀ kì í sábà tó ti ìjọba.

Lójú tiwa, ọdún kan yìí ló máa ń pinnu ọ̀nà tí ọmọ máa tọ̀, ju gbogbo ohun tó ti ń sọ láti ọdún kìíní lọ. Ẹni tó bá ṣe é ní UCH n'Ìbàdàn tàbí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, á ti bá dókítà rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ṣe é ní iléeṣẹ́ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ oògùn wò kó tó jáde síta. Ẹni tó bá ṣe é ní fámásì àdúgbò á ti mọ bí ọjà ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde, àti bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn tí ò lówó tó sọ̀rọ̀. Ibi tí ọwọ́ ti mọ́ iṣẹ́ sí, ibẹ̀ lẹsẹ̀ máa ń fẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ò mú ibi tó wù ú, ibi tó rí ló mú.

Aṣọ funfun nílé ìwòsàn

Àlá ilé ìwòsàn wọ́pọ̀ gan-an láàárín wọn, ó sì nídìí. Ẹ̀kọ́ Pharm.D fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ aláìsàn ló ń tì wọ́n lọ. Àwọn tó ń rò pé kíka oògùn sínú ọ̀rá ni iṣẹ́ apòògùn ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èrò pa. Òun ló ń yẹ ìwé tí dókítà kọ wò. Ṣé ìwọ̀n oògùn yìí ò ti pọ̀ jù fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣòjòjò? Bàbá tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣé ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń mu àgbo mọ́ ọn nílé? Ọmọ tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ fún, kílò mélòó ni? Àṣìṣe tó bá gba ọwọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì kọjá, ọwọ́ apòògùn ló yẹ kó ti dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ gòkè níbẹ̀ kò ní dúró sórí Pharm.D nìkan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn apòògùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yábàá l'Ékòó, máa ń fún wọn ní oyè fellowship lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n bá ti fi ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì fi kàwé. L'ọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ipò consultant wà fún apòògùn náà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà, NMA, ò fara mọ́ ọn, wọ́n ní dókítà nìkan lorúkọ yẹn tọ́ sí. Ìjà yẹn ò tíì parí títí di báyìí láwọn ilé ìwòsàn kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì ń bọ̀ níbẹ̀ yẹ kó mọ̀ pé òun máa bá a nílẹ̀.

Ohun tó tún ń dí ọ̀nà yìí ni pé ìjọba kì í gbani síṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìpínlẹ̀ lè ní ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà mélòó kan, kó jẹ́ apòògùn bíi méjì péré ló wà nínú ọ̀kan, tí wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Bí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì tàbí tó japa, ààyè rẹ̀ á ṣófo títí. Ẹ ti rí i pé ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe pé iṣẹ́ ò sí. Iṣẹ́ wà rẹpẹtẹ, ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni ò jáde.

Bàágì lọ́wọ́, mọ́tò iléeṣẹ́ nídìí

Àwọn míì, owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, a ò sì lè bú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní medical rep ló máa ń fa ojú wọn mọ́ra: iléeṣẹ́ oògùn á fún ẹ ní mọ́tò, á fún ẹ ní bàágì, ìwọ á máa ti ilé ìwòsàn kan dé òmíì, wàá máa ṣàlàyé oògùn fún dókítà àti apòògùn kí wọ́n lè máa lò ó. Owó ibẹ̀ máa ń dára bí ọjà bá tà. Bí kò bá tà, iye tí iléeṣẹ́ ní kó o tà lóṣù ò ní jẹ́ kó o sùn.

Tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ òyìnbó ni gbogbo wọn ń fẹ́ wọ̀. L'oṣù August ọdún 2023, GSK kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Kí ọdún yẹn tó parí, Sanofi náà kéde pé òun máa gbé títà oògùn òun lé àwọn míì lọ́wọ́. Àwa tó ń ra oògùn mọ ohun tójú wa rí nígbà yẹn: owó Augmentin fò sókè, ẹni tó ní ikọ́ fée ń wá Ventolin kiri. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fámásì rí nǹkan mìíì níbẹ̀, pé ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ti ń kan láti ọdún kìíní ti tì.

Ilẹ̀kùn tiwa-n-tiwa ṣì wà, tí ọ̀pọ̀ ò kà sí. May & Baker àti Fidson wà ní Ọ̀tà, Emzor ní iléeṣẹ́ ní Ṣàgámù, Bond Chemical sì wà ní Awẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́. Nínú iléeṣẹ́ báyìí, apòògùn ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń po oògùn, òun ló ń mú díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe lọ sí láàbù, òun ló sì ń kọ ìwé tó ń lọ sí NAFDAC. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe kan péré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí oògùn ni wọ́n máa lọ dà nù. Iṣẹ́ tó le ni, kò sì sí ariwo nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí nǹkan máa lọ létòlétò ni ká sọ ọ́ fún.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé ibi kékeré làwọn iléeṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ṣómólú l'Ékòó ni Stella Okoli, tóun náà jẹ́ apòògùn, ti ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn l'ọ́dún 1977. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló di Emzor.

Fámásì àdúgbò: ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí

Iṣẹ́ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1887 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bailey ti ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn sí gbàgede Balógun l'Ékòó. Ọmọ Adó-Èkìtì kan, Julius Adelusi-Adeluyi, kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní fásitì Ifẹ̀, ó dá Juli Pharmacy sílẹ̀, ó tún padà lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì di mínísítà ètò ìlera l'ọ́dún 1993. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sọ pé àwọn fẹ́ dá dúró, irú wọn ni wọ́n ń fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Kí ni wọ́n nílò? Ẹ jẹ́ ká kà á. Wọ́n máa fi orúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n máa gba ilé, PCN á sì wá yẹ ilé náà wò. Wọ́n nílò fìríìjì fún insulin àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀rọ amúlétutù kí oògùn má bàa bàjẹ́, jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà nítorí NEPA (orúkọ ti yí padà, iná ò yí padà). Ẹ̀yìn gbogbo èyí la wá máa ra oògùn. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ l'oṣù June ọdún 2023, owó tó ń kún ṣẹ́ẹ̀fù tẹ́lẹ̀ ò kún ìdajì rẹ̀ mọ́, torí púpọ̀ nínú oògùn wa, ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń wá, kódà àwọn èyí tí wọ́n ṣe níbí, ìlú òyìnbó àti Íńdíà ni wọ́n ti ń ra èròjà wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, níbo ló ti máa rí irú owó bẹ́ẹ̀?

Tó bá tiẹ̀ rí i, kẹ́mísì mẹ́ta á ti wà ní àdúgbò yẹn kó tó dé. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó ní kẹ́mísì kì í ṣe apòògùn. Òfin fún un láyè láti ta oògùn tí kò nílò ìwé dókítà, bíi oògùn orí fífọ́, nínú páálí tí iléeṣẹ́ fi gbé e jáde. Kò láṣẹ láti ta oògùn tó nílò ìwé dókítà, kò sì láṣẹ láti fún èèyàn ní abẹ́rẹ́. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta. Kẹ́mísì tó ń ta àmúpọ̀ oògùn tí wọ́n gé sínú ọ̀rá kékeré, ó ń ta á ní ẹ̀dínwó, torí kò ra fìríìjì, kò kàwé ọdún 6, Ìdúmọ̀tà ló sì ti lọ kó ọjà rẹ̀. L'oṣù February ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa pẹ̀lú ti Ọ̀nìṣà àti Aba nítorí ayédèrú oògùn àti èyí tí wọn ò tọ́jú dáadáa. Apòògùn tó ń ra ọjà rẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ gan-an ò lè bá irú iye bẹ́ẹ̀ díje.

Ibí ni ìdánwò tó le jù ti máa ń bá wọn, wọn kì í sì í kọ ọ́ nínú ìwé. Orúkọ tí wọ́n ń pè é láàárín ara wọn ni "register and go." Bó ṣe ń lọ nìyí: olówó kan fẹ́ ṣí fámásì, kò kọ́ iṣẹ́ náà. Òfin ní kò lè ṣí i láìjẹ́ pé apòògùn kan wà tó ń bójú tó o. Olówó yìí á wá ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ, á ní, "Dókítà, ẹ kàn bá mi fi láísẹ́ǹsì yín sílẹ̀. Mo máa máa fún yín ní nǹkan lọ́dọọdún. Ẹ ò nílò láti máa wá." Ọmọ tí kò tíì ríṣẹ́, tí àbúrò mẹ́ta ń wo ojú rẹ̀, tí wọ́n gbé irú owó bẹ́ẹ̀ síwájú ẹ̀ láì ní ṣe wàhálà kankan! Ẹ ẹ̀ rí i pé ó le?

Ohun tó tà ni pé orúkọ rẹ̀ ló wà lára ògiri. Ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá ló wà lẹ́yìn káńtà, òun ló ń fún aboyún ní oògùn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, olówó á ní òun ò kọ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ ẹ̀yìn káńtà á ní wọ́n gba òun síṣẹ́ ni. Orúkọ ta ni PCN máa pè? Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn apòògùn lágbára láti dá ẹni náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, gbogbo ọdún 8 yẹn á sì di àṣedànù. Àwa gbà pé ẹ̀yin òbí yẹ kẹ́ ẹ bá ọmọ yín sọ ọ̀rọ̀ yìí kó tó di pé olówó bá a sọ ọ́. Àwọn òbí kan ló tiẹ̀ máa ń sọ pé, "Gbà á, ṣebí o ò jalè."

Ọ̀nà tó mọ́ wà tí ọmọ tí kò lówó lè gbà. Olówó àti apòògùn lè jọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí apòògùn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olùdarí, kó sì máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n jọ kọ ìwé àdéhùn níwájú lọ́yà. Àwọn míì máa ń fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ṣiṣẹ́ fún fámásì ńlá, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra ọjà láwìn àti bí wọ́n ṣe ń dá a padà kó tó kọjá ọjọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó wá dúró fúnra wọn. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ oorun á kun ojú wọn.

Abuja, láàbù, àti ewé tó wà lẹ́yìnkùlé wa

NAFDAC ńkọ́? Láti ìgbà Dora Akunyili, apòògùn tó di olórí àjọ náà l'ọ́dún 2001 tó sì gbógun ti ayédèrú oògùn, ni ọ̀pọ̀ ọmọdébìnrin ti ń sọ pé irú iṣẹ́ yẹn làwọn fẹ́ ṣe. Mojisola Adeyeye, tó gba ipò náà l'ọ́dún 2017, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ fámásì ni. Àyè ibẹ̀ ò pọ̀, ìgbà tí ìjọba bá gbani nìkan ni. Àwọn kan tún wà nínú àwọn àjọ aládàáni tó ń pín oògùn HIV àti ibà kiri ìpínlẹ̀, iṣẹ́ tó ń sanwó dáadáa ni, àfìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró l'oṣù January ọdún 2025 tí ọ̀pọ̀ sì di ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọ̀nà tí ẹ ò ní gbọ́ púpọ̀ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ni ti ìwádìí lórí ewé àti egbò. Ó sì yà wá lẹ́nu, torí ilẹ̀ Yorùbá ló yẹ kó ti gbilẹ̀ jù. Ní fásitì Ifẹ̀, láwọn ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí orín ata, orín tí bàbá àti ìyá wa fi ń rún ẹnu, wọ́n sì rí i pé nǹkan kan wà nínú egbò rẹ̀ tó ń ran ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́.

Ìtàn Niprisan tún ju ìyẹn lọ. Onísègùn ọmọ Yorùbá kan, Rev. P. O. Ogunyale, ní egbòogi kan tí wọ́n ń lò fún àìsàn yìí kan náà. Nǹkan mẹ́rin tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa ló wà nínú ẹ̀: ìyeré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Ó gbé e fún NIPRD, iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ l'Abuja, wọ́n bá a ṣe àdéhùn. Láwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ níbẹ̀ dán an wò lára ẹranko, lẹ́yìn náà lára èèyàn, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìrora tó máa ń dá àwọn aláìsàn náà wólẹ̀ kù. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti máa ṣe é. L'ọ́dún 2006, ó jáde sọ́jà lórúkọ Nicosan. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, l'ọ́dún 2008, Xechem wọ gbèsè, ó kógbá wọlé. Oògùn tí ń bẹ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn tán, kò sẹ́ni tó máa ṣe òmíì.

Ẹ wo ibi tó já sí. Oògùn náà ò kùnà nínú láàbù. Ibi owó, ibi ṣíṣe é lọ́pọ̀ yanturu, ibi òfin àti àdéhùn ló ti dákú. Apòògùn tó mọ ewé, tó tún mọ bí iléeṣẹ́ ṣe ń rìn, ni ò pọ̀ tó láàárín wa. Ní OAU, ẹ̀ka kan wà nílé ẹ̀kọ́ fámásì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìwádìí àti ṣíṣe oògùn, wọ́n ń pè é ní DRPU. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá ibi tí èrò ò tíì pọ̀ sí lè lọ béèrè níbẹ̀. Owó ìwádìí ò pọ̀, owó oṣù olùkọ́ fásitì náà ò pọ̀, a ò ní tan yín.

Ọ̀rọ̀ japa

A fi eléyìí sẹ́yìn torí gbogbo yín lẹ ti ń dúró dè é. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ò ṣe é gbé kọ́ ògiri ní London. Dókítà wa tó bá débẹ̀ ń ṣe ìdánwò, apòògùn náà gbọ́dọ̀ ṣe tiẹ̀.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọdún kan tí wọ́n ń pè ní OSPAP ní fásitì kan níbẹ̀, á san owó ilé ẹ̀kọ́ ti àlejò. Á tún fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ apòògùn wọn, kó tó ṣe ìdánwò àjọ GPhC. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò FPGEE ló kọ́kọ́ wà, àti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń ka wákàtí rẹ̀, kó tó kan NAPLEX àti ìdánwò lórí òfin ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbé. FPGEE yìí, ẹni tó bá gboyè láti ọdún 2003 gbọ́dọ̀ ti kàwé fámásì fún ọdún 5 ó kéré tán, B.Pharm wa sì kúnjú ìyẹn. Ní Canada, àjọ PEBC ló ń ṣètò ìdánwò tiwọn, ó ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀nà yìí máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́rin, ó sì ń gbówó. Láàárín ìgbà náà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tàbí olùrànlọ́wọ́ nínú fámásì àwọn ẹlòmíì kí wọ́n lè rówó ilé san. Àwọn kan dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n ń ṣe dáadáa, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé là ń ná. Àwọn kan ò padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ohun tí a máa gbà á níyànjú ni pé kó má fò kọjá internship àti ìwé àṣẹ PCN. Àwọn àjọ òkèèrè wọ̀nyí máa ń béèrè ìwé lọ́wọ́ PCN pé orúkọ ẹni náà ṣì mọ́ nínú ìwé wọn. Ẹni tó sáré lọ láì gbà á, ìgbà tó bá débẹ̀ ló máa wá máa bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun lọ sí Abuja.

Fún ọmọ tó wà ní 300 sí 400 level báyìí

Má dúró de ìgbà ìbúra kó o tó wo ibi tó wù ẹ́. Lo ìsinmi. Ìsinmi kan ní fámásì àdúgbò, ìkejì nílé ìwòsàn, ìkẹta ní iléeṣẹ́ bó o bá ráàyè. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fámásì, PANS, wà ní fásitì kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti jáde sì máa ń wá síbi ìpàdé wọn. Bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà, bi wọ́n léèrè àkókò tí wọ́n ń délé lálẹ́. Tó bá sì ti ku oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ parí, bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ibi tí PCN fọwọ́ sí fún internship, kó o máa fi ìwé ránṣẹ́, má dúró de UCH àti LUTH nìkan. Ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ tí kò lókìkí lè jẹ́ kó o fọwọ́ kan iṣẹ́ púpọ̀ ju èyí tí èrò pọ̀ sí lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra oògùn ńkọ́? Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá wọ fámásì, ẹ wo ògiri. Ìwé àṣẹ PCN gbọ́dọ̀ wà níbi tí ojú máa rí i. Ọdọọdún ni wọ́n ń gba tuntun, nítorí náà ẹ wo ọdún tó wà lára ẹ̀ àti orúkọ apòògùn tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fohùn jẹ́jẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀yìn káńtà pé: "Apòògùn yín dà? Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí oògùn yìí." Bí wọ́n bá ní ó jáde, ẹ béèrè ìgbà tó máa dé. Bí ẹ bá ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹ ò tíì rí i, ọ́fíìsì PCN tó wà ní ìpínlẹ̀ yín lẹ lè fi tó létí.